Ìdọ̀bálẹ̀ Sirajudeen

Nǹkan méjì ni Àlàrí káfíńtà kì í fi ṣeré: ayùn rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, àmọ́ ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti fi Sango ní Ọ̀tà ṣe ilé, débi pé bó bá lọ sílé nígbà Iléyá, Bàbá Ọ̀tà ni àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, ibẹ̀ ló ti ń kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ṣùgbọ́n pákó kọ́ ló fi ń yangàn. Ìgbéyàwó ni. Mọ́kànlá ni yìgì tó ti ṣe alárinà rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó tú. Á ní, "Ìṣó témi bá kàn kì í yọ." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn.

Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Àlàrí kì í yẹ̀ba ní tiẹ̀. Bí tọkọtaya bá jà, wọ́n á wá bá a nídìí bẹ́ǹṣì tó ti ń rẹ́ pákó. Á gbọ́ tọkọ, á gbọ́ tìyàwó, á wá sọ ohun tó máa ń sọ látayébáyé: "Sùúrù. Sùúrù lẹ máa fi ṣe é." Ká má purọ́, obìnrin ló sábà máa ń gbé sùúrù náà relé. Ọkùnrin á kàn gbọn ṣòkòtò ni, á máa lọ.

Yìgì Sirajudeen àti Ràfátù ló ṣìkẹsàn-án. Ọmọ ọ̀rẹ́ Àlàrí tó ti dolóògbé ni Sirajudeen, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Ràfátù jẹ́ ọmọ Adó-Odò, òun ń di bísíkíìtì sínú páálí nílé iṣẹ́ mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan ní òru. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo Àlàrí lójú, ó ní òun ò mọ ìdílé ọkọ yìí, Àlàrí nìkan lòun mọ̀. Àlàrí gbá àyà. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Bó bá ṣe ọmọ yín níbi, èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Ẹnu ara ẹni la fi ń kọ mé jẹ̀ẹ́. Ẹnu ara ẹni náà la sì fi ń dúró fún èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ràfátù wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọdún mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, Àlàrí ní kó ṣe sùúrù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní Sirajudeen máa ń ṣọ́ òun lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, tó ń fẹ̀sùn kan òun pé ọ̀gá òun ló ń fẹ́ òun. Àlàrí ní owú ni, pé ọkùnrin tó bá fẹ́ràn aya rẹ̀ á jowú. Lẹ́ẹ̀kẹta, oyún oṣù mẹ́ta ti wálẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí Sirajudeen ta á nípàá níkùn. Lọ́jọ́ yẹn, Àlàrí pe Sirajudeen, ó bá a wí gidigidi, ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igi ìwọ̀n nà án. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ràfátù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ. Ràfátù ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó lọ.

Ìgbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kẹrin, kò jókòó. Orí eékún rẹ̀ ló wà nínú ìyẹ̀fun pákó.

"Bàbá, mi ò wá fẹjọ́ sùn o. Mo ti kúrò ńlé ẹ̀."

"Ràfátù!"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ so wá pọ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tú wa. Ẹ bá mi sọ fún un kó kọ̀ mí lọ́nà ẹ̀sìn, kí kálukú máa lọ. Ọ̀dọ̀ Ṣùkúrát ọ̀rẹ́ mi ni mo wà, ní Ilo-Awela, mo sì ti pààrọ̀ ibi iṣẹ́ kó má baà ṣọ́ mi débẹ̀. Mi ò sọ fún màámi o, torí tó bá dé Adó-Odò tó dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n máa jẹ́wọ́. Àmọ́ ó yẹ kí àgbà kan mọ ibi tí mo wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Bàbá, tó bá mọ ibẹ̀, ó máa pa mí."

Àlàrí ò gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gbọ́. Obìnrin tínú ń bí máa ń sọ bẹ́ẹ̀, bó ṣe rò ó nìyẹn. Ohun tó ń dùn ún ní tòótọ́ ni pé ìṣó kan fẹ́ yọ nínú mọ́kànlá. Síbẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, ọmọ mi. Kò ní tẹnu mi jáde."

Ràfátù dìde kíá, ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò ní eékún rẹ̀, ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, Àlàrí ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, kò tíì gbé ayùn tí Sirajudeen fi yọ. Jàlàbíà funfun ló wọ̀. Kò kí i. Ó dé iwájú bẹ́ǹṣì, ó dojú bolẹ̀, ó nà gbalaja nínú ìyẹ̀fun pákó pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn.

"Bàbá, mo ti ṣẹ̀. Ẹ sọ ibi tó wà fún mi kí n lọ bẹ̀ ẹ́."

"Dìde, Siraju. Mi ò mọ ibi tó wà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí nǹkan tí ò ní sọ fún yín. Bàbá, mi ò dìde."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún, tó ní kí onítọ̀hún dìde, tí ìyẹn kọ̀ tí ò dìde, ẹ̀bẹ̀ ti di gbèsè sí i lọ́rùn nìyẹn. Kò lè rẹ́ pákó, kò lè jókòó, kò lè lọ. Bó bá rìn kọjá lára rẹ̀, ayé á ní ó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nílẹ̀ bí ajá. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í jẹ̀bi lójú èrò. Ẹni tó dúró lórí rẹ̀ ni wọ́n ń bú.

Àlàrí bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Ó jágbe mọ́ ọn. Ó fa apá rẹ̀, Sirajudeen wúwo mọ́ ilẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Ìyá kan tó gbé igbá lérí ní, "Èéṣe, Bàbá, kí lọmọ yìí ṣe tẹ́ ò lè forí jì í?" Mùsílíù tó ń lẹ táyà lódìkejì títì sáré wá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ dá bọ̀dá lóhùn. Ẹ wo aṣọ wọn." Sirajudeen ò gbójú sókè. Ó ń sunkún, ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun fi Kùráánì búra, òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ̀bẹ̀ lòun fẹ́ lọ bẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ó ṣì wà nílẹ̀.

Ojú ti Àlàrí. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àánú tó ṣe é kò tó ìtìjú tó bá a. Ó sì tún ń rò ó pé bóyá ẹ̀bẹ̀ yìí á ràn, bóyá ìṣó náà ò ní yọ. Nígbà tí Mùsílíù padà sídìí táyà rẹ̀, Àlàrí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí Sirajudeen.

"Ilo-Awela," ó ní. "Ọ̀dọ̀ Ṣùkúrát. Bó o bá fọwọ́ kàn án, Ọlọ́run á dá ọ lẹ́jọ́. Ó yá, dìde."

Sirajudeen dìde. Ó gbọn ara rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó lọ. Mùsílíù rí i láti òkèèrè, ó na àtàǹpàkò sókè sí Àlàrí. Àlàrí náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, Ràfátù ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ṣùkúrát ti lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní Iyana Iyesi. Sirajudeen wà lẹ́yìn kànga, ó ti ń dúró dè é. Kò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ ló mú dání. Àwọn ará ilé gbọ́ igbe, kí wọ́n tó já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, Ràfátù ti kú, báàgì oúnjẹ tó gbé lọ síbi iṣẹ́ ṣì kọ́ ọ lápá. Sirajudeen sá relé ara rẹ̀, ó gbé òògùn kòkòrò mu. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò kú, kò yè.

Àpọ́nlé, ìyàwó Àlàrí, ló mú ìròyìn náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó káwọ́ lérí. Àlàrí gbọ́ ọ, ó wá àga láti jókòó sí, ó sì jẹ́ pé orí àga ló wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ló sọ fún un?" Àpọ́nlé ń sunkún. "Ìyá rẹ̀ gan-an ò mọbẹ̀! Ṣùkúrát ni. Ta ló tún mọ̀, bí ò ṣe Ṣùkúrát?"

Bí gbogbo ayé ṣe wí náà nìyẹn. Láwàlì, ẹ̀gbọ́n Ràfátù, sọ ọ́ fáwọn ọlọ́pàá pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí àbúrò òun sá pa mọ́ sí, ẹni náà ló sì tà á. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú Ṣùkúrát. Ó ń ké bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó ń fi orúkọ Ràfátù búra.

Àlàrí ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀la lòun máa sọ ọ́.

Ọ̀la dé, wọ́n ní wọ́n ti gba òkú, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sin ní Adó-Odò. Láwàlì pè é lórí fóònù. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mú un lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ ìyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé pákó tí a máa fi bo sàréè."

Báyìí ni Àlàrí ṣe gé pákó Ràfátù. Igi tó dáa ló mú, igi tó ti ya sọ́tọ̀ fún ilẹ̀kùn oníbàárà kan. Ó fà á mọ́ dáadáa, ó fọwọ́ pa á kó má baà ní ẹ̀gún, bí ẹni pé ẹ̀gún lè ṣe Ràfátù ní nǹkan kan mọ́. Omijé ń kán sórí ayùn. Mùsílíù ń wò ó látòdìkejì, kò wá bá a.

Létí sàréè, àlùfáà ṣàdúà fún òkú. Ó wá gbé ohùn sókè: "Ẹni tó fi ọ̀nà ilé han apànìyàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí ìsinmi láyé, má jẹ̀ẹ́ kó rí i lọ́run!"

"Àmín!" ni gbogbo ènìyàn dáhùn.

Wọ́n ń wo ara wọn lójú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dákẹ́. Àlàrí náà ní, "Àmín." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe jáde, ó ròkè ju ti àwọn tó dúró tì í lọ.

Látìgbà náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀. Àpọ́nlé rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ó gbé ẹ̀kọ fún un, ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rìn dé iwájú àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀mejì ló yípo padà. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní òun ò tíì mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rí Bùkúnmi, àbúrò Ṣùkúrát, tó jókòó sórí bíríkì lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ oúnjẹ lé itan, wọ́n ò tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Àlàrí ò lè dúró.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé kí Sirajudeen lajú. Bó bá lajú, á sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Mùsílíù kọjá títì wá, kò jókòó.

"Bàbá, wọ́n ní bọ̀dá yẹn ti kú láàárọ̀ yìí. Kò sọ̀rọ̀ kó tó kú."

Àlàrí ò ní dárí jin ara rẹ̀ láé lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọkàn rẹ̀ ní, "Alihamudulilahi." Ọkàn rẹ̀ ló wí i, ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́. Kò sí ẹlẹ́rìí mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé.

Mùsílíù ṣì dúró. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kì í mọ́. "Bàbá, lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kí ló ń bẹ̀ yín fún gan-an?"

"Ó ní kí n bá òun bẹ ìyàwó òun."

"Mo bá a bẹ̀ yín," Mùsílíù ní. "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Bàbá, mi ò rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ohun tí mò ń rò."

Àlàrí gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó sí pákó tí kò nílò ìṣó. Mùsílíù wò ó títí, ó mi orí, ó padà sídìí táyà rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ṣe fídáù ní Adó-Odò, nínú àgbàlá ilé ìyá Ràfátù. Àlàrí àti Àpọ́nlé lọ. Wọ́n fún Àlàrí ní àga láàárín àwọn àgbà, torí alárinà ni, ará ilé sì ni. Ìyá Ràfátù jókòó sórí ẹní nísàlẹ̀ ògiri, kò sunkún mọ́, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ti ń ka Yásínì lọ́wọ́ nígbà tí Bùkúnmi wọlé. Ó wá látọ̀dọ̀ àwọn ará ilé Ṣùkúrát, ó ru ìkòkò ìrẹsì wá bí ẹni tó wá báni kẹ́dùn.

Láwàlì rí i, ó fò dìde. Ó gba ìkòkò náà lórí ọmọbìnrin yẹn, ó dà á sílẹ̀ láàárín àgbàlá. Ìrẹsì ṣì ń ru èéfín nínú iyanrìn, àwọn adìyẹ sì sáré wá.

Bùkúnmi kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Wọn ò jẹun láti ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní káwọn náà kú."

"Kó kú!" Láwàlì pariwo. "Bí kì í bá ṣe òun, ta ló sọ? Ẹ bá mi bi í! Ta ló sọ?"

Wọ́n dá kíka Kùráánì dúró.

Àlàrí dìde lórí àga. Àpọ́nlé rò pé ó fẹ́ lọ làjà ni, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó kọjá lára Láwàlì, ó kọjá lára Bùkúnmi, ó tẹ ìrẹsì mọ́lẹ̀, ó dé iwájú ẹní tí ìyá Ràfátù jókòó sí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun ló sì dàgbà ju obìnrin náà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó nà tán pátápátá, àyà kan ilẹ̀, fìlà bọ́ lórí rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ fún un."

Àpọ́nlé pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Ràfátù ò mira. "Kí ló fún yín?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan."

"Ṣé ó fi ọ̀bẹ yọ sí yín ni?"

"Rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ní kó dìde, kò dìde. Ó wà nílẹ̀ látìgbà tí a kí Jímọ̀ títí di Alásárì. Àwọn èèyàn ń wò mí. Mo ní kí ó ṣáà dìde."

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún yín," obìnrin náà ní wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. "Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ wá fi ọmọ mi gbé e dìde."

Àlùfáà sún mọ́ ọn. "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Àgbàlagbà ni. Ẹ ní kí wọ́n dìde."

"Èmi kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀," ó ní. "Ràfátù ni. Kí wọ́n wà níbẹ̀ títí Ràfátù á fi wá ní kí wọ́n dìde."

Ó yí ojú sí ògiri.

Àlàrí wà nílẹ̀. Iyanrìn wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbọ́ tí Láwàlì ń sunkún bí ọmọdé, ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kó àga, tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìsọ̀rọ̀. Àpọ́nlé ò wá síbẹ̀. Àlàrí ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Dìde," ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún èèyàn tí kò lóǹkà, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Bùkúnmi nìkan ló ṣì wà lórí eékún nítòsí, ó ń ṣa ìrẹsì padà sínú ìkòkò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ gan-an.

"Bàbá, ṣé ẹ lè bá mi lọ sọ fáwọn ọlọ́pàá báyìí? Kílẹ̀ ó tó ṣú."

Àlàrí fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó dìde. Kò nira. Eékún rẹ̀ ró díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ibi tó ti dìde, apá àyà rẹ̀ ṣì hàn nínú iyanrìn. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ká ní ó fi Sirajudeen sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, tó rẹ́ pákó rẹ̀, tó ti ṣọ́ọ̀bù tó relé, ilẹ̀ á ṣú, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́, ọkùnrin yẹn náà á fọwọ́ tilẹ̀, á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, kò dé e. Ó tẹ̀ lé Bùkúnmi jáde.